Ta Ni Yóò Gbá Bọ́ọ̀lù fún Wa Lọ́dún Tó Ń Bọ̀?

 Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: ọmọ Arsenal ni mí. Gbogbo kíláàsì wa ló mọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ Chelsea ni mo gbé wá lónìí, ẹ má sọ pé mo fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀kọ́ ni mo rí kọ́ lára wọn, ẹ̀kọ́ náà sì kan ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ìwé wa gan-an.

Gbogbo wa la wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n nà wá ní 4-1 níbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí. Láti ọjọ́ náà, oríṣiríṣi àwáwí ni mò ń gbọ́: aṣọ́lé wa ń sùn, rẹfirí ṣe ojúsàájú, pápá wọn kún fún òkúta. Àwáwí lásán ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó nà wá ò ju ìṣirò lọ. Nínú àwọn mọ́kànlá tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa lọ́dún tó kọjá, mẹ́sàn-án ló wà ní SS3. Wọ́n ti ṣe WAEC, wọ́n ti bá tiwọn lọ. Àwọn tó gba jẹ́sì lọ́wọ́ wọn ò tíì jọ gbá ìdíje kankan rí. Wọ́n kàn ń wo ojú ara wọn ni.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lẹ́yìn kíláàsì. Àwọn kan ní ká má da ara wa láàmú, ká lọ bá àwọn bọ̀dá tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò, ká wọ yúnífọ́ọ̀mù wa sí wọn lọ́rùn, kí wọ́n bá wa gba ife. Wọ́n ní àwọn ilé-ìwé mìíràn náà ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n gbé bírò. Ìrẹ́jẹ ni, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ ìrẹ́jẹ, kò tún bọ́gbọ́n mu. Ẹ jẹ́ kí n fi Chelsea ṣàlàyé.

ÌYÀ LÓ LÀ WỌ́N LÓJÚ

Ní oṣù kejì ọdún 2019, FIFA fìyà jẹ Chelsea. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ ra agbábọ́ọ̀lù kankan fún ìgbà káràkátà méjì. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Wọ́n ní ẹgbẹ́ náà rú òfin tó de kíkó àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 wọlé láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ wò ó o: ẹgbẹ́ tó ń wá ọmọ kékeré káàkiri ayé, àwọn ọmọ kékeré tó wà nílé rẹ̀ ò rí ààyè gbá bọ́ọ̀lù.

Àwọn ọmọ ilé yẹn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Láti 2014 títí dé 2018, ọdún márùn-ún gbáko tó tẹ̀ léra wọn, àwọn ni wọ́n ń gba FA Youth Cup, ife ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2015 àti 2016, wọ́n gba ti àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti dàgbà tó ẹni tó ń wọ inú ẹgbẹ́ ńlá, Chelsea á yá a fún ẹgbẹ́ mìíràn. Bó bá padà dé, wọ́n á tún yá a. Ìgbà kan wà tí àwọn tí wọ́n yá jáde lẹ́ẹ̀kan náà tó nǹkan bí 40. Ogójì èèyàn! Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta á jáde níbẹ̀, àwọn tó máa jókòó sí bẹ́ǹṣì á sì tún ṣẹ́ kù. Láti ìgbà John Terry, agbára káká ni ọmọ ilé fi ń di ẹni ńlá níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2019, Aston Villa àti Derby pàdé ní Wembley. Ẹni tó bá borí ló máa wọ Premier League. Tammy Abraham ń gbá bọ́ọ̀lù fún Villa. Mason Mount àti Fikayo Tomori, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kánádà, ń gbá fún Derby. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ Chelsea ni wọ́n. Abraham nìkan ti gbá góòlù tó lé ní 20 wọlé fún Villa ní sáà yẹn. Ẹni tó ni ọmọ jókòó sílé, ó ń wo bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń fi ẹsẹ̀ dárà fún àwọn ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹfà, Chelsea ta Eden Hazard, ìràwọ̀ wọn, fún Real Madrid. Wọn ò lè ra ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù keje, wọ́n fi Frank Lampard, tó ti jẹ́ kóòṣì Derby, ṣe kóòṣì. Kí ló kù tí wọ́n á ṣe? Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Wọ́n bá pe àwọn ọmọ padà wálé.

ỌMỌ TÓ FỌ PẸ́NÁRÍTÌ

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa nìyí. Kò kọ́kọ́ dáa o. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní líìgì, Manchester United nà wọ́n ní 4-0. Lọ́jọ́ kẹta, ìyẹn ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, wọ́n pàdé Liverpool ní ìlú Istanbul fún Super Cup. Ó di pẹ́nárítì. Abraham ló gbá èyí tó kẹ́yìn fún Chelsea, aṣọ́lé Liverpool sì fi ẹsẹ̀ gbà á. Ife lọ. Ọmọ ọdún 21 ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bú u lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń bú àwọ̀ ara rẹ̀.

Ká ní kóòṣì mìíràn ni, ó lè sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Ọmọdé ò ṣe é gbára lé." Lampard ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn pẹ́nárítì yẹn, Abraham ló bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Norwich. Ó gbá góòlù méjì wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, ó tún gbá méjì wọlé pẹ̀lú Sheffield United. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án, tó pé oṣù kan géérégé tó fọ pẹ́nárítì, wọ́n lọ bá Wolves nílé, wọ́n sì nà wọ́n ní 5-2. Tomori gbá ọ̀kan, Abraham gbá mẹ́ta, Mount gbá ọ̀kan. Bí ẹ bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, góòlù 11 àkọ́kọ́ tí Chelsea ní ní líìgì sáà yẹn, àwọn ọmọ mẹ́ta yìí nìkan ló gbá gbogbo rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí sáà parí, Chelsea ṣe ipò kẹrin, wọ́n sì wọ Champions League. Góòlù 15 ni Abraham ní ní líìgì. Ẹgbẹ́ tí gbogbo èèyàn ti ń sọ pé ìyà á pa! Kì í ṣe pé àwọn ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n ní ọdún 2019. Wọ́n ti gbọ́n tipẹ́. Ìyà tí FIFA fi jẹ ẹgbẹ́ náà ló jẹ́ kí ojú wọn ríran dé inú ilé ara wọn.

WỌ́N TÚN GBÀGBÉ

Ẹ̀kọ́ yẹn ò pẹ́ lórí wọn. Ilé-ẹjọ́ eré ìdárayá dín ìyà náà kù sí ìgbà káràkátà kan. Ní 2020, Chelsea ná owó tó lé ní mílíọ̀nù 200 pọ́n-ùn láti ra àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ní oṣù kìíní 2021, wọ́n lé Lampard, wọ́n sì yá Tomori fún AC Milan. Milan ò jẹ́ kó padà, wọ́n rà á pátápátá. Lọ́dún kejì, òun náà wà lára àwọn tó gba ife líìgì Ítálì.

Ti Abraham ló tún dùn mí jù. Ní sáà 2020/21, òun àti Timo Werner ni wọ́n jọ ní góòlù jù lọ ní Chelsea, góòlù 12 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ní oṣù kẹjọ 2021, wọ́n tà á fún Roma. Nínú oṣù kan náà, wọ́n ra Romelu Lukaku ní mílíọ̀nù 97.5 pọ́n-ùn. Ta ni Lukaku? Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí Chelsea kọ́kọ́ rà á ní 2011. Wọn ò fún un láyè, wọ́n ń yá a káàkiri, wọ́n sì tà á fún Everton ní 2014 ní mílíọ̀nù 28. Ẹ rí i báyìí? Ọmọ tí wọ́n lé jáde ní mílíọ̀nù 28, wọ́n rà á padà ní 97.5, wọ́n sì lé ọmọ mìíràn jáde láti fún un láyè.

Báwo ló ṣe parí? Lukaku gbá góòlù 15 wọlé ní sáà yẹn, wọ́n sì yá a padà fún Inter tó ti wá. Abraham gbá góòlù 27 wọlé fún Roma, Roma sì gba ife Conference League. Èmi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ ìṣirò.

Kí ẹ má bàa sọ pé ojúsàájú ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi Arsenal tèmi náà sí i. Òótọ́ ni pé Bukayo Saka, ọmọ tiwa, ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù láti ọmọ ọdún méje, a sì fún un láyè kó tó pé 18. Ìyẹn ni mo máa ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n Eberechi Eze ńkọ́? Àwa náà la ní kó máa lọ sílé nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13. Ó rìn káàkiri títí tó fi di ẹni ńlá ní Crystal Palace. Ní oṣù karùn-ún 2025, òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí Palace fi na Manchester City, tí wọ́n fi gba FA Cup. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Arsenal san nǹkan bí mílíọ̀nù 60 pọ́n-ùn kó tó padà wá. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́!

ÀWỌN JẸ ÈRÈ, ÀWA ŃKỌ́?

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá wọ̀nyí fi ń ta ọmọ ilé. Ẹ jẹ́ ká fi ewúrẹ́ ṣe é. Bí màmá mi bá ra ewúrẹ́ ní 50,000 náírà, tí wọ́n tún tà á ní 60,000, èrè wọn ò ju 10,000 lọ. Ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ bá bímọ sílé, tí wọ́n ta ọmọ náà ní 60,000, wọ́n á kọ gbogbo 60,000 sílẹ̀ bí èrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé owó àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ṣe rí. Ní 2023 àti 2024, òfin Premier League sọ pé ẹgbẹ́ kan ò gbọ́dọ̀ pàdánù ju mílíọ̀nù 105 pọ́n-ùn lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Bí ẹgbẹ́ bá ti ná owó ní ìnákúnàá, tí òfin ń lé e bọ̀, ọmọ ilé ló máa kọ́kọ́ mú lọ sọ́jà. Àwọn èèyàn ní ìyẹn wà lára ìdí tí Mount fi lọ sí Manchester United ní 2023 ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 50, tí Conor Gallagher, tóun náà ti wà níbẹ̀ láti kékeré, fi lọ sí Atlético Madrid ní 2024.

Mi ò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó yé mi. Tiwa ni kò yé mi. Ilé-ìwé wa ò ta ẹnikẹ́ni. Kò sí kọ́bọ̀ kan tó ń wọlé fún wa nítorí pé ọmọ JSS3 ń gbé omi fún àwọn sínọ̀, tó ń ṣa bọ́ọ̀lù lẹ́yìn igi góòlù. Àwọn Chelsea tiẹ̀ rí nǹkan gbà. Àwa, kí la rí gbà?

Mo mọ ohun tí tíṣà eré ìdárayá wa máa sọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Wọ́n máa ní ife ni gbogbo yín ń bèèrè lọ́wọ́ mi, pé bí mo bá fi ọmọdé ṣeré tí wọ́n bá nà wá, ẹ̀yin kan náà lẹ máa kọ ọ́ sára ògiri. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Mi ò sì sọ pé kí wọ́n lé àwọn SS3. Nígbà tí Chelsea gba Champions League ní 2021, Mount, ọmọ ilé, ló fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí Havertz tí wọ́n rà, Havertz sì gbá a wọlé. Reece James, ọmọ ilé, wà lẹ́yìn, Mendy tí wọ́n rà ń ṣọ́lé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àpapọ̀ ló ń gba ife. Ṣùgbọ́n a ò lè pa ohun tí a ò ní pọ̀. Bí a ò bá mú ọmọdé wọ pápá nísinsìnyí tí àwọn àgbà ṣì wà níbẹ̀ láti kọ́ wọn, lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn ọmọdé nìkan ló máa kù, kò sì ní sí ẹni tó máa kọ́ wọn mọ́.

Ohun mẹ́rin ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún:

Èkíní, nínú àwọn 18 tí à ń kó lọ sí ìdíje, kí mẹ́rin jẹ́ ọmọ JSS3 tàbí SS1, kì í ṣe láti gbé omi o, láti wọ jẹ́sì.

Èkejì, bí bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ bá wà, kí àwọn mẹ́rin yìí gbá ó kéré tán ààbọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣe àṣìṣe, kí a má torí ẹ̀ẹ̀kan náà pa á tì. Ẹ rántí Abraham.

Ẹ̀kẹrin, kí á má mú ẹnikẹ́ni wọlé láti ìta. Bọ̀dá tí a bá yá á gba ife fún wa lónìí, á sì padà sílé lọ́la. Ọmọ tí ì bá kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ ò ní rí nǹkan kan kọ́.

ÀWA GAN-AN

Mi ò ní dẹ́bi fún tíṣà nìkan. Ẹ rántí pé nínú bọ́ọ̀lù 4-1 yẹn, wọ́n mú ọmọ JSS3 kan wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ òsì ló ń lò. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó kàn án, ó fẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́. Gbogbo wa la hó lé e lórí. Èmi tí mò ń kọ èyí, mo wà lára àwọn tó hó. Láti ọjọ́ yẹn, ó ní òun ò wá sí ìdánrawò mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i ní àkókò ìsinmi, òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń fi bọ́ọ̀lù rọ́bà ṣeré lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó já èèyàn mẹ́ta sílẹ̀ ní ibi tí kò fẹ̀ ju kíláàsì wa lọ. Mo bi í bóyá ó máa padà sínú ẹgbẹ́. Ó ní bàbá òun ti ń wá ilé-ìwé mìíràn fún òun lọ́dún tó ń bọ̀, níbi tí wọ́n á ti jẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má bínú pé mo hó. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Tiwa lè burú ju ìyẹn lọ: ọmọ tí a kò kọ́ yìí lè wá fi ẹsẹ̀ òsì gbá góòlù sínú àwọ̀n wa, nínú jẹ́sì ẹlòmíràn, lórí pápá tiwa níbí. Lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé rẹfirí ló ṣe ojúsàájú o. Táàmù yìí ò tíì parí. Kí tíṣà wa jọ̀ọ́, kí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Bó bá sì wọlé, tó tún gbá afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọmọ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, SS2